Geocaching ní ìrìn-àjò: àpótí ni kí n kọ́kọ́ wá ni, àbí àwọn tó ń wá a?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ibi iṣẹ́ mi ń rán mi lọ sí Munich ní Jámánì lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ geocaching, eré wíwá àpótí tí wọ́n fi pamọ́, níbí ní Birmingham, mo ti rí àpótí 43, èmi nìkan ni mo sì máa ń dá lọ. Mo ti to 40 mìíràn sórí fóònù tí mo fẹ́ rí ní Munich. Àfi bí mo ṣe rí i pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ ṣe ìpàdé ní alẹ́ ọjọ́ tí mo máa dé gan-an, ní ilé oúnjẹ kan. Ìyàwó mi ní ṣé ara mi yá, pé kí n lọ máa jẹun pẹ̀lú àwọn tí n kò mọ̀ rí nílùú tí n kò gbọ́ èdè wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fojú fo ìpàdé yẹn, kí n máa wá cache, torí ọjọ́ kò pọ̀. Kí lẹ rí sí i? Mo sì mú irin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní travel bug nínú cache kan níbí, kí ni kí n fi í ṣe?

* * *

Àbúrò, lọ sí ìpàdé yẹn. Má jẹ́ kó yẹ̀.

Ẹ̀yin tí eré yìí ṣàjèjì sí, kí n yára sọ ọ́. Ẹnì kan á mú ike tàbí agolo, á ki ìwé kékeré bọ inú rẹ̀, á fi pamọ́ síbì kan, á sì kọ nọ́ńbà tí GPS fi ń mọ ibẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwọ á tẹ̀lé fóònù rẹ débẹ̀, wàá wá a kàn, wàá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé náà, wàá sì dá a padà síbi tí o ti mú un gẹ́lẹ́. Cache là ń pe àpótí náà. Ó ti lé ní mílíọ̀nù 3 káàkiri ayé. Ìpàdé tí àbúrò ń sọ, event là ń pe ìyẹn. Òun náà ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí máàpù, àmọ́ tí o bá débẹ̀, ènìyàn lo máa bá, kì í ṣe àpótí.

Èmi náà ti lọ sí Munich rí, ọjọ́ mẹ́fà ni mo lò. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ yìí gan-an ni mo ṣe. Àárọ̀ dé alẹ́, etí odò Isar, inú ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Englischer Garten, abẹ́ afárá, ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì. Mo rí 31. Bí o bá ní kí n sọ èyí tí mo rántí nínú wọn lónìí, méjì péré ni. Ìyókù, ike tí kò tó àtàǹpàkò ni, tó ní òòfà nídìí, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin. Alẹ́ tó gbẹ̀yìn ni mo tó lọ sí event. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ní kí n fi fóònù mi han òun. Ó wò ó títí, ó wá bi mí pé ṣé n kò dé ìdí èyí tí wọ́n fi pákó ṣe nínú igbó lápá gúúsù ìlú ni. Ó ní káfíńtà kan ló ṣe é, pé ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ jọ fa okùn kí àpótí tó lè sọ̀kalẹ̀ látorí igi. Káfíńtà ọ̀hún wà nídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú wa! Ó ní òun á mú mi lọ lọ́la. Aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọkọ̀ òfuurufú mi máa gbéra. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara, ó sì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mi ò sọ pé kí o má wá cache o. Mo ní kí o fi event ṣáájú. Ogójì tí o tò sórí fóònù yẹn, gbé e síwájú wọn, kí àwọn onílé bá ọ ṣa èyí tó dáa, kí wọ́n yọ pàǹtí kúrò.

* * *

Ẹ̀yin mẹ́ta tó ń ka èyí ti dá mi lóhùn pé iye cache tí èèyàn bá rí ni eré. Ẹ ní kò sí ibi tí èèyàn kò ti lè jẹun, pé ẹni tó bá lọ sílùú tí kò mọ̀gbà tó tún máa padà síbẹ̀, ó yẹ kó kó gbogbo ohun tó bá lè kó. Ọ̀kan nínú yín tún ní iṣẹ́ fúnra rẹ̀ á gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta lo ní láàárín ọkọ̀ òfuurufú méjì, mú èyí tó bá sún mọ́ ọ jù, kọ orúkọ rẹ, kó o sì máa lọ. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka iye, ṣé ẹ ti gbàgbé pé event náà ń ka ọ̀kan ni? Tí o bá lọ, ó ti wọ inú iye rẹ nìyẹn.

Ibi tí n kò ti gbà pẹ̀lú yín rárá ni bí ẹ ṣe ń ṣa cache fún ìrìn-àjò. Ẹ ń wo èyí tó sún mọ́ra, tó rọrùn. Ẹ wo Favorite dípò rẹ̀, ìyẹn àmì tí àwọn tó rí cache fi ń yìn ín. Ẹni tó bá ń sanwó ọmọ ẹgbẹ́ kì í ní ju Favorite 1 lọ fún cache 10 tó bá rí, torí náà kò sẹ́ni tó ń ná an ní ìnákúnàá. Cache tó bá ní ọgọ́rùn-ún Favorite, nǹkan wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ka ohun tí àwọn tó débẹ̀ kẹ́yìn kọ. Bí àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ léra bá kọ DNF, ìyẹn ni pé wọ́n wá a tì, fi í sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ti sọnù. Kí o sì wo àmì ìṣòro méjì tó wà lára rẹ̀, láti 1 dé 5. Èkíní ń sọ bí wíwá rẹ̀ ṣe le tó, èkejì ń sọ bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe rí. Tí ọ̀nà bá jẹ́ 1, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè débẹ̀. Tí ó bá jẹ́ 5, ìwọ yóò nílò okùn tí wọ́n fi ń gun òkè, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Mo ti rí ẹni tó wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi tó jẹ́ 4, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi gbà á.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ. Ẹ má fi í ṣe ẹlẹ́yà, mo rí i pé àwọn kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí aya bèèrè ló bèèrè.

Event kì í ṣe kí ẹnì kan ránṣẹ́ sí ọ ní kọ̀rọ̀ pé kí o wá. Ojú táyé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹnì kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde, ó sì gbọ́dọ̀ gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Ẹnikẹ́ni ló lè wá. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ìlú ló ní èyí tí wọ́n ń ṣe lóṣooṣù nílé oúnjẹ kan náà. Stammtisch ni wọ́n ń pè é, ìyẹn tábìlì àwọn tó máa ń wá déédéé. Èyí tí o rí yẹn, ó jọ pé òun ni. Munich kì í sì í ṣe ọmọdé nínú eré yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe Giga àkọ́kọ́ lágbàáyé, lóṣù kẹjọ ọdún 2014. Event tí ènìyàn tó wá bá lé ní 500 ni Mega, Giga gbọ́dọ̀ lé ní 5,000.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé: mo máa ń fi ojú ewé event náà ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n mọ ilé oúnjẹ tí mo wà àti aago tí mo máa kúrò. Alẹ́ àkọ́kọ́, mi ò ń bá ẹnì kan ṣoṣo wọ igbó, bó ti wù kó jẹ́ ènìyàn rere tó. Tó bá di ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán, tí a pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó yá.

Ọ̀rọ̀ èdè kò le. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sì fún ọ ní àyè. Ohun tí wọn kò ní gbà lọ́wọ́ rẹ ni kí o fi ìdajì wákàtí pẹ́ dé.

* * *

Ẹnì kan ní Manchester béèrè ohun tí gbogbo wa mọ̀ àmọ́ tí a kì í fẹ́ sọ: aláwọ̀ dúdú tó ń wá nǹkan kiri nídìí igi nílùú onílùú, kí ni kó sọ tí wọ́n bá pe ọlọ́pàá?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ń wá ike kan lẹ́yìn ọgbà, mo ti wà níbẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú. Obìnrin kan wò mí lójú fèrèsé, ó pè wọ́n. Ọlọ́pàá méjì dé. Àyà mi ń lù kìkì. Mo gbé ọwọ́ mi sí ibi tí wọ́n ti lè rí i, mo ní, "Mò ń ṣe eré kan tí wọ́n ń pè ní geocaching, ó wà lórí fóònù mi, ṣé kí n fi hàn yín?" Èyí ọ̀dọ́ nínú wọn ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Wọ́n bá mi wá a díẹ̀, wọ́n lọ.

Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó tó ń ṣe eré yìí ni pé kí èèyàn wọ ẹ̀wù ìyeyè tó ń tàn, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú títì ń wọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fura. Àwọn mìíràn ní kí o díbọ́n pé kọ́kọ́rọ́ rẹ ló sọnù. Mo ta ko méjèèjì. Irọ́ kékeré tí wọ́n bá já lẹ́nu tiwa kì í kéré mọ́. Sọ òtítọ́ kí wọ́n tó bi ọ́. Bí àwọn ènìyàn bá pọ̀ níbẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, yíjú padà. Kò sí cache tó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀rù lásán ni àwọn aráàlú ń bà. Lọ́dún 2011, ní Wetherby tí kò jìnnà sí Leeds níbi tí mò ń gbé, ẹnì kan rí ọkùnrin tó ń ṣe nǹkan tí kò yé e nítòsí ilé kọfí kan. Wọ́n kó àwọn ènìyàn kúrò ní òpópónà, àwọn sójà tó mọ̀ nípa bọ́ǹbù dé, wọ́n sì fọ́ àpótí náà. Cache ni. Èmi kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àmọ́ títí dòní ni wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní event wa. Òun ló fà á tí a fi ń sọ pé kí àpótí jẹ́ ike tí ojú lè rí inú rẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tó jẹ́ sára rẹ̀, kí wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀.

* * *

Ìbàdàn ti dá sí i: "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ Yorùbá wo ló máa fọwọ́ kan agolo tí kò mọ ẹni tó gbé e síbẹ̀?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo fẹ́ gbé ọ̀kan pamọ́ nítòsí ilé wa ní Abẹ́òkúta nígbà kan tí mo lọ sílé. Àbúrò màmá mi ní tí ẹnikẹ́ni bá rí ike tí wọ́n dì nínú ọ̀rá dúdú nídìí igi, ẹbọ ni wọ́n máa rò, tí kì í bá ṣe ẹbọ, bọ́ǹbù ni. Ó ní wọ́n á dáná sun ún, wọ́n á sì wá ẹni tó gbé e síbẹ̀. Mo fi í sílẹ̀. Cache kò pọ̀ ní Nàìjíríà, mo sì rò pé èyí wà lára ohun tó fà á.

Àmọ́ ọ̀nà méjì wà tí kò ní àpótí nínú. Ọ̀kan ni EarthCache. Ìwọ á lọ wo ohun tí ilẹ̀ àti àpáta fi ń kọ́ni, wàá dáhùn ìbéèrè tí ẹni tó ni ín kọ, ìyẹn ló dípò ìwé tí à ń kọ orúkọ sí. Àpáta Olúmọ, àwọn òkè Ìdànrè, àyè wà níbẹ̀ dáadáa, bí àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀ náà bá ti fọwọ́ sí i. Èkejì ni event. Ẹni tó ń lọ sílé lóṣù Disẹ́ńbà lè pe event sí ilé oúnjẹ kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kìkì kó ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú ọ̀sẹ̀ méjì, kí òun fúnra rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló wá, ìlú náà ti ní ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tí wọn kì í sábà fọwọ́ sí ni kí o gbé àpótí pamọ́ síbi tí o ti wá ṣe àlejò, kí o wọkọ̀ padà sí London. Ta ló máa pààrọ̀ ìwé inú rẹ̀ nígbà tí òjò bá rin ín? Àfi tí ẹnì kan níbẹ̀ bá gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. Níbo lo sì ti máa rí ẹni náà, bí kò ṣe ní event?

* * *

A tún ti dé orí ìjà àtijọ́. Ẹnì kan ní òun wá cache kan ní Prague, òun kò rí i, ó sì dá òun lójú pé ó ti sọnù, torí náà òun fi ike tuntun síbẹ̀, òun kọ orúkọ òun, òun kà á mọ́ iye òun. Ó ní olóore ni òun.

Rárá o. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń ṣe é, pàápàá àwọn tó wà lórí ìrìn-àjò, torí wọn kò ní padà wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni èyí àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, tí ojú ò kàn rí i. Àpótí wá di méjì, ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ kò mọ èyí tí yóò kọ orúkọ sí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ni ín sì bàjẹ́. Tí o kò bá rí i, kọ DNF. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ín nílò DNF yẹn ju ike rẹ lọ. Tí o bá fẹ́ ṣe oore, kọ̀wé sí i kí o bèèrè. Tó bá ní kí o bá òun pààrọ̀ rẹ̀, ìyẹn yàtọ̀.

* * *

Ẹni tó sọ pé ilé iṣẹ́ kan ló dá eré yìí sílẹ̀ láti máa fi gbowó, kò rí bẹ́ẹ̀. Lóṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Amẹ́ríkà yọ ìdínà tó ń mú kí GPS aráàlú máa ṣìnà tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Ní May 3, ọjọ́ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, Dave Ulmer gbé korobá dúdú kan pamọ́ nínú igbó nítòsí Beavercreek ní Oregon. Ìwé wà nínú rẹ̀, agolo ẹ̀wà kan sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó kọ nọ́ńbà ibẹ̀ síbi tí àwọn tó fẹ́ràn GPS ti ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Mike Teague sì lọ wá a rí. September ọdún yẹn ni ojú òpó tí ọ̀pọ̀ wa ń lò tó jáde. Àwọn ará Dartmoor nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ohun tó jọ ọ́ láti 1854 pàápàá, nígbà tí James Perrott gbé ìgò kan síbi Cranmere Pool kí àwọn tó bá rìn débẹ̀ fi káàdì wọn sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ láàárín ẹni tó gbé pamọ́ àti ẹni tó wá a rí, ìyẹn ló ti wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Àbúrò, o béèrè lórí travel bug tí o mú nínú cache kan ní Birmingham. Fún àwọn yòókù: irin pẹlẹbẹ kékeré ni, bíi èyí tí àwọn sójà ń gbé kọ́rùn, ó ní nọ́ńbà lára. Ẹni tó ni ín á so nǹkan mọ́ ọn, á sọ ibi tó fẹ́ kó dé, àwa arìnrìn-àjò á máa gbé e lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe tìrẹ. Gbé e lọ sí Munich, má sì jù ú sínú ike kótópó. Má fi nọ́ńbà ara rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú fọ́tò, ẹni tí kò fojú kàn án rí á máa sọ pé òun rí i.

Ọwọ́ ènìyàn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún un. Èmi ní ọ̀kan, gángan kékeré tí wọ́n fi igi gbẹ́ ló wà lára rẹ̀. Mo rán an jáde ní 2018, mo sì kọ ọ́ pé Salvador ní Bahia ló ń lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó wà níbẹ̀. Ìgbà tó wà nínú àpótí, ó lo oṣù mọ́kànlá lójú kan. Ìgbà tí ẹnì kan gbé e lọ sí event ní Lisbon, ọ̀sẹ̀ kan kò pé tó fi gòkè òkun. Ó ti dé São Paulo báyìí. Bahia ló kù.

* * *

Àbúrò ti dé o. Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ síbí kí gbogbo yín lè rí i:

"Ẹ̀gbọ́n, mo lọ. Àwa mọ́kàndínlógún la wà níbẹ̀. Nínú 40 tí mo tò, wọ́n yọ 28 kúrò. Cache 9 péré ni mo rí láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mo sì lè sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín. Alẹ́ ọjọ́ kẹta, àwa márùn-ún lọ ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní Nachtcache: a tan tọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń dán lára igi ń fi ọ̀nà hàn wá. Wọ́n ní kí a má kúrò lójú ọ̀nà, kí a má bàa dààmú àwọn ẹran igbó. Ìyàwó mi ní òun á bá mi lọ sí event ti Birmingham. Mo béèrè káfíńtà yẹn fún yín. Ó ní ìjì ti wó igi náà, òun sì ti yọ àpótí kúrò. Àmọ́ ó ń kan òmíràn lọ́wọ́. Ó ní kí n gba orúkọ tí ẹ ń lò nínú eré wá."

O ṣeun gan-an. Mo kọ̀wé sí i láàárọ̀ yìí, ó sì ti fèsì. Ó ní oṣù karùn-ún ni òun fẹ́ gbé e sórí igi, pé òun kò tíì rí ẹni kejì tí yóò bá òun dán okùn rẹ̀ wò. Mo ti gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́. Stammtisch tiwọn bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ tí mo máa dé.